Kì í Ṣe Ẹsẹ̀ Rẹ Ló Ṣẹ́ Pákó Náà

Ilé wa ní Kàbà,
Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú.

Fúnmiláyọ̀, Àsàkẹ́ mi, ọmọ tí ẹ̀yìn mi kò tíì gbàgbé bó ṣe wúwo tó,

Okun o. Okun ilé, okun iṣẹ́, okun ọkọ. Ara wa le níbí, àfi pé ọkàn mi kò sinmi láti ìgbà tí awakọ̀ lọ́rì ti fi lẹ́tà rẹ lé mi lọ́wọ́ lójú ọjà. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá ata mi, mo kà á. Mo délé, mo tún un kà. Lẹ́yìn náà ni mo kà á sókè fún baba rẹ níbi tó jókòó sí tó ń bó ẹ̀pà. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní o fẹ́ kó ẹrù rẹ wálé kí ẹbí ọkọ rẹ tó jókòó sórí ọ̀rọ̀ rẹ nígbà Kérésìmesì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò bó ẹ̀pà mọ́ lọ́jọ́ náà.

Jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yé mi, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ. Ìyá ọkọ rẹ jáde láàárọ̀ láti lọ bu omi mu nínú àmù tó wà lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onípákó iwájú ilé yín ní Iyara. Pákó ṣẹ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọ inú ihò náà dé orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀ sì wú. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àbúrò ọkọ rẹ obìnrin, èyí tí o sọ ní Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ nígbà tí o wọlé wọn, ti ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé láti ìgbà tí baba àwọn ti kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, pákó kankan kò ṣẹ́ níbẹ̀ rí, àfi ìgbà tí ìyàwó tuntun dé. Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ kò dára. Wọ́n fẹ́ kí àwọn àgbà ilé wá sọ bí wọn yóò ti ṣe é.

Gbogbo èyí ni mo lè gbé mì. Èyí tí n kò lè gbé mì ni ìlà tí o kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, tí lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹni pé o kò fẹ́ kí n rí i: "Bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ, Iye." Mo sunkún lórí ìlà yẹn, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ọmọ mi, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ. Omi ni. Fara balẹ̀, kí n là á yé ọ.

O mọ̀ pé baba rẹ kì í kọ lẹ́tà. Ayùn ni kálámù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ igi tó wà nínú ìwé yìí, láti ẹnu rẹ̀ ló ti wá, èyí tí kò sì ti ẹnu rẹ̀ wá, ojú mi ló rí i, torí èmi ni mo ń bá a di orí kejì pákó mú láti ìgbà tó ti gbé mi níyàwó. Bí mo ti ń kọ ọ́ yìí ló ń na ọrùn wo ìwé tí kò lè kà dáadáa, tó ń bi mí pé, "Iye Fúnmi, ṣé o ti kọ ti ìṣó?" N kò tíì dé ibi ti ìṣó.

Ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe ti igi rárá. Kí o tó wo pákó, wo ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ. Gbé omi kaná, fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí o sì máa fi aṣọ jó ọrùn ẹsẹ̀ náà ní ẹ̀sọ̀. Bí o bá ṣe tán, fi òrí pa á. Ṣe é láàárọ̀, ṣe é nírọ̀lẹ́, bó bá bá ọ sọ̀rọ̀ tàbí kò bá ọ sọ ọ́. Má ṣe é kí wọ́n lè yìn ọ́. Ṣe é torí pé obìnrin tó dàgbà ṣubú, ó dùn ún, ó sì tì í lójú pẹ̀lú. O kò tíì mọ bó ṣe máa ń ti àgbà lójú láti ṣubú níwájú ọmọdé. Èmi ti ń mọ̀ ọ́n báyìí.

Ẹ̀ẹ̀kejì, má kó ẹrù. Ilẹ̀kùn ilé yìí kò ní tì mọ́ ọ láé, bí o bá sì wá lọ́la, màá gún iyán fún ọ kí n tó bi ọ́ ní ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sá fún a máa tẹ̀lé èèyàn wá sílé. Bí o bá kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ihò yẹn ní iwájú ilé wọn, ihò náà ni wọn yóò máa fi rántí rẹ. Tún un ṣe ná. Lẹ́yìn náà, bó bá wù ọ́ kí o wá kí wa, wá kí wa bí ọmọ tó ń bọ̀ wá kí ìyá rẹ̀.

Ní báyìí, jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún ọ tí o kò gbọ́ rí, kí o lè mọ̀ pé pákó ti ṣẹ́ lójú tèmi náà.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé baba rẹ, ó ti kan pẹpẹ pákó kan sí iwájú ilé fún ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá àgbà máa ń jókòó sí ìdí òfì rẹ̀ tó ń hun kíjìpá. Èmi, ní ilé bàbá mi, kò sí ọmọbìnrin tó lè pa ilẹ̀ bíi tèmi. Bí mo bá fi ẹlẹ́bọ́tọ màlúù pa ilẹ̀ yàrá, o lè da gàrí sórí rẹ̀ kí o kó o jẹ. Mo wá rí pẹpẹ yìí, àlàfo wà láàárín pákó kan àti èkejì, kóró òwú ń jábọ́ sísàlẹ̀, mo ní kí ni irú ìdọ̀tí báyìí? Mo jí ní kùtùkùtù, mo po ẹlẹ́bọ́tọ mọ́ amọ̀, mo fi dí gbogbo àlàfo náà pa, mo sì fi ìyókù pa ojú pákó títí tó fi ń dán. Gbogbo ilé jáde, wọ́n ń yìn mí. Ìyàwó tó mọ́ ọwọ́ dé. Orí mi wú, mo sì ń pa á bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Baba rẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní òkèèrè nígbà yẹn, nígbà tó sì máa fi dé, kò fẹ́ bá ìyàwó tuntun jà nítorí ẹlẹ́bọ́tọ.

Òjò kan lọ, òjò mìíràn dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, olú hù jáde láti ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, funfun, ó là bí agbòòrùn. Ìyá àgbà tẹ orí rẹ̀ wò ó, ó ní, "Ìyàwó mi, oko lo dá síbí ni?" Mo wá ibi tí mo fẹ́ wọ̀ ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò bá mi wí. Ó ti òfì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí baba rẹ ṣí pákó kan kí ìyàwó òun lè rí abẹ́ rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ dúdú, ó rọ̀, ó ń ṣe bí àkàrà tó bọ́ sínú omi. Ìyá àgbà kàn sọ fún mi pé, "Ilẹ̀ ni o mọ̀, o kò tíì mọ igi. Yóò yé ọ." Mo ti fẹ́ràn obìnrin yẹn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọmọ rẹ̀.

Ilẹ̀ amọ̀ a máa mu omi, a sì máa mí i jáde. Pákó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Baba rẹ ní kí n kọ èyí bí òun ṣe sọ ọ́: "Òjò kì í ba igi jẹ́. Omi tí kò rí ọ̀nà lọ ló ń ba igi jẹ́." Pákó tó tutù láàárọ̀ tó gbẹ lọ́sàn-án lè bá ọ dàgbà. Èyí tó tutù láàárọ̀ tó ṣì tutù nírọ̀lẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àlàfo tí mo dí pa yẹn, ọ̀nà omi ni. Baba rẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ ni, ó fẹ̀ tó ìṣó ńlá, kí omi lè máa sọ̀ kalẹ̀ kí atẹ́gùn sì lè máa gòkè.

Wo ilé tìrẹ wá. Baba ọkọ rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, bá àwọn agẹgẹdú ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún lẹ́yìn ogun Bọ́mà, ibẹ̀ ló ti rí irú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó wá kan tirẹ̀ sí etí òkè ní Iyara, gbangba, láìsí òrùlé lórí rẹ̀. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Nítorí pé ó lẹ́wà, ibẹ̀ ni wọ́n ń ṣe gbogbo ohun ẹ̀yẹ. Ibẹ̀ ni àmù omi àlejò ń jókòó. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sá gbágùúdá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi. Ibẹ̀ náà, lórí àtẹ̀gùn, ni wọ́n ti ń fọ ẹsẹ̀ gbogbo ìyàwó tó ń wọ agbo ilé náà.

Èmi kò bá ọ lọ lọ́jọ́ náà, ìyá kì í sin ọmọ rẹ̀ lọ sílé ọkọ. Àwọn ìyàwó ilé wa tó sin ọ́ lọ ni wọ́n padà wá ròyìn fún mi, pé ẹsẹ̀ rẹ mọ́ rekete, pé o ń sunkún, pé odindi ìkòkò omi ni wọ́n dà lé ọ lẹ́sẹ̀ torí pé inú wọn dùn sí ọ. Ọ̀kan nínú wọn wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Pákó ibẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa bí ẹní." Ẹ̀rín ni gbogbo wa rín. Baba rẹ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ojú sókè, ó tún wo ilẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ? Bàbá ìyàwó kì í lọ fi ọ̀bẹ gún ilé àna rẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó.

Ṣé ó ti yé ọ báyìí? Kí wọ́n tó fọ ẹsẹ̀ rẹ ni pákó náà ti rọ̀. Àmù ti ń kán sí i, gbágùúdá ti ń ro sí i, omi ẹsẹ̀ àwọn ìyàwó tó ṣáájú rẹ ti wọ inú rẹ̀ lọ. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Omi ọ̀wọ̀ ni gbogbo rẹ̀, omi tí wọ́n fi ń sọ pé káàbọ̀. Ṣùgbọ́n igi kò mọ omi ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí omi ìdọ̀tí. Lọ wo ibi tí oòrùn ń pa dáadáa, tí ẹnikẹ́ni kì í da omi sí. Ìwọ náà ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Ṣé pákó ibẹ̀ ṣẹ́?

Ó yá, iṣẹ́. Ọkọ rẹ ni yóò bá ọ ṣe é. Mo mọ̀ pé tíṣà ni, ṣọ́ọ̀kì ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n òòlù kì í bu èèyàn jẹ, àfi ní àtàǹpàkò. Má pe ẹlòmíràn wá. Ó sàn kí àwọn ará ilé rí ẹ̀yin méjèèjì lórí ìkúnlẹ̀ lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ gbé àmù kúrò, kí ẹ kó ohun gbogbo tó wà lórí pákó. Kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ yọ gbogbo ewé àti erùpẹ̀ tó há sínú àlàfo. Ibi tí ọbẹ̀dọ̀ bá ti hù sí, tó ń yọ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle àti iyanrìn fọ̀ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, mú ìṣó ńlá kan, kí o máa fi ẹnu rẹ̀ tẹ pákó kọ̀ọ̀kan wò. Igi tó yè yóò kọ̀ fún ọ. Èyí tí ìṣó bá wọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń gún ẹ̀kọ, igi yẹn ti lọ. Má kàn tẹ àárín pákó nìkan. Tẹ orí rẹ̀ méjèèjì, torí ẹnu tí wọ́n ti gé e ni igi fi ń mu omi jù. Tẹ ẹ̀gbẹ́ ìṣó tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tẹ ibi tí pákó ti jókòó lé igi ìdábùú, torí ibi tí igi méjì bá ti fara kan ara wọn, omi a máa sùn síbẹ̀.

Kí ọkọ rẹ wọ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Kó mú ọ̀pá dání nítorí ejò. Bí wọ́n bá to igi ìdáná síbẹ̀, ẹ kó o kúrò, ilé ikán ni. Bí ewúrẹ́ bá ń sùn síbẹ̀, ẹ fi ọgbà dí i, ṣùgbọ́n ẹ má fi amọ̀ mọ ọ́n pa, kí atẹ́gùn lè máa kọjá. Bí òpó kan bá jókòó sórí ilẹ̀ lásán, ẹ fi òkúta pẹlẹbẹ sí ìdí rẹ̀. Kó fi ìṣó tẹ igi ìdábùú pẹ̀lú. Èyí ṣe pàtàkì ju pákó lọ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí ìdábùú bá rọ̀ ní ibì kan, ẹ gé ibi tó rà dànù títí ẹ ó fi dé ibi tó yè, kí ẹ wá kan igi mìíràn tó le mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè gbè é.

Bákan náà ni ti pákó. Wọn yóò sọ fún yín pé kí ẹ tẹ́ ẹní lé ihò náà, tàbí kí ẹ kan pákó tuntun lé orí ti àtijọ́ kó lè bò ó. Ẹ má dán an wò. Pákó tó ti rà yóò kó omi ran èyí tó yè. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ fi ayùn gé e títí dé orí ìdábùú tó yè, kí orí pákó tuntun lè rí ibi jókòó.

Baba rẹ ní n kò gbọdọ̀ gbàgbé ti ọ̀dà, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ní Ìkòyí ti Ìjùmú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ni. Ó kan àtẹ̀gùn pákó fún bàbá oníṣòwò kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, ó sì fẹ́ kó dán kí ọdún tó dé, ló bá kun ún ní ọ̀dà tó ki, nínú òjò, lórí igi tútù. Ó dán lóòótọ́. Nígbà tó ṣe, ọ̀dà náà wú, ó ń lé ròrò bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí, torí pé omi tó wà nínú igi kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Bàbá náà ránṣẹ́ pè é, ó gbé iyán fún un lókè, ó ní, "Sánnu, káfíńtà. Jẹun ná. Bí o bá yó tán, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ gba orí àtẹ̀gùn rẹ sọ̀ kalẹ̀, kí n máa wò ọ́." Baba rẹ ní òun kò jẹ iyán tó pẹ́ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nítorí náà, ẹ má fi epo tàbí ọ̀dà kankan kan igi tútù. Ọlọ́run ṣe é, ọyẹ́ ló ń bọ̀ yìí. Bí ẹ bá ti gé ibi tó rà kúrò, ẹ fi gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà sílẹ̀ fún ọyẹ́ kó fẹ́ sí i dáadáa. Kí ọkọ rẹ tọrọ epo dúdú tí àwọn awakọ̀ lọ́rì máa ń dà nù, kí ẹ fi kẹ̀rẹ́sìn díẹ̀ là á, kí ẹ sì fi àkísà pa á sára igi náà, lórí, lábẹ́ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnu tí ayùn ti gé, ẹ pa á níbẹ̀ léraléra títí igi yóò fi kọ̀ ọ́. Kí ẹ jìnnà sí iná bí ẹ bá ń ṣe é. Bí epo náà bá ti wọlé tán ni kí ẹ tó kan pákó. Ti ìṣó nìyí o, Baba Fúnmi: kí ẹ má kàn án títí orí rẹ̀ yóò fi rì, torí kòtò tó bá ṣe ni omi yóò fi ṣe ilé. Bó bá rì, ẹ fi ìda dí i. Kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ tó ti kọjú sí èèpo igi sókè. Bí pákó bá fẹ́ ká, kó ká bí ẹ̀yìn àwo tó dojú bolẹ̀ kí omi lè ṣàn lọ, kó má ká bí àwo tó ń gba omi.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa wò ó. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí òjò bá lọ, ẹ fi ìṣó tẹ̀ ẹ́ kiri, kí ẹ gbá àlàfo rẹ̀, kí ẹ fi epo pa á. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Mo sì ń bá ọ sọ ti igi ni o, bí o bá rí ohun mìíràn nínú rẹ̀, mú un.

Ó ku ibi tó le jù, òun ni ẹnu. Igi rọrùn ju ìyá ọkọ lọ. Nísinsìnyí tí o ti mọ̀ pé àmù ló fà á, ẹnu yóò máa yún ọ. O lè dúró láàárín ẹbí nígbà Kérésìmesì kí o ní, "Omi yín ló ba ilé yín jẹ́, kì í ṣe èmi," òótọ́ ni yóò sì jẹ́, o kò sì ní ní ilé mọ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bí o bá ń fi òrí pa ẹsẹ̀ ìyá náà, sọ fún un pé, "Ìyá, a fẹ́ tún ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ẹ fẹ́ kí àmù yín jókòó sí?" Jẹ́ kó yan ibẹ̀ fúnra rẹ̀, kó ṣáà ti jẹ́ orí ilẹ̀. Gbé àga fún un síbi iṣẹ́, kó máa pàṣẹ fún yín. Yóò rí abẹ́ pákó náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ bí èmi ṣe rí tèmi. Kò sí àgbà tó rí i tí kò ní yé. Bó bá yé e, òun ni yóò bá ọmọ rẹ̀ Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu tirẹ̀ sì tó bẹ́ẹ̀. Bí ìyàwó mìíràn bá sì ń bọ̀ lọ́la, ìwọ ni kí o gbé omi pàdé rẹ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, lórí òkúta, kí o fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀.

Mo ti fẹ́ fi ìwé yìí ránṣẹ́ ní àná. Ohun kan ló dá mi dúró. Mo ní kí baba rẹ sọ ibi tí ẹ ti lè rí pákó tó gbẹ ní Iyara, torí pé igi tí agẹgẹdú ṣẹ̀ṣẹ̀ là, omi ló kún inú rẹ̀, bí ẹ bá kàn án, òfo ni ẹ ṣe. Ó dìde, ó gbé àkàbà, ó ń gun àjà lọ, bí orúnkún rẹ̀ ti rí yẹn. Mo ń pariwo mọ́ ọn nísàlẹ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan àfi kí pákó máa lu pákó.

O mọ àwọn pákó igi apá tó wà lókè àjà wa. Nígbà tí o wà ní kékeré, mo nà ọ́ nítorí pé o fẹ́ fi ọ̀kan ṣe jangirọ́fà. O bi mí pé kí ló dé, mo ní ti baba rẹ ni. Pósí rẹ̀ ni, ọmọ mi. Ọkùnrin tó ti kan pósí fún ìdajì ìlú yìí kò fẹ́ kí wọ́n fi pákó tútù kan tirẹ̀. Òun ló yan igi náà, òun ló dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń là á, ó sì ti gbẹ lókè yẹn láti ìgbà tí o ti ń rákò. Igi tó gbẹ tó bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́jà kankan láti ibí dé Iyara.

Ó ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Baba Fúnmi, kí ni ẹ fẹ́ kí a fi sin yín?"

Ó ní, "Pákó kì í jẹ́ pósí kí wọ́n tó kàn án. Ilẹ̀ tí ẹ máa gbé mi sí, ṣé gbígbẹ ló gbẹ ni? Òkú kì í sá fún omi. Di orí kejì yìí mú, jàre. Ọmọ mi fẹ́ rí ibi tẹ ẹsẹ̀ sí."

Mo di orí kejì mú.

Lọ́rì ọjọ́ ọjà ni yóò kó wọn wá fún ọ. Ó ti fá wọn, ó ti fi epo pa ẹnu wọn, ó sì fi ẹfun sàmì sí ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó kọjú sókè. Òun fúnra rẹ̀ kò ní wá, ó ní wọn yóò rò pé bàbá ìyàwó wá jà. Má sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kí ẹlòmíràn má tún rí ọ̀rọ̀ sọ. Bí ẹ bá kan èyí tó kẹ́yìn tán, di ìyá ọkọ rẹ lọ́wọ́ mú, kí ẹ jọ gun orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ tirẹ̀ tó wú àti ẹsẹ̀ tìrẹ tí wọ́n ń bú. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún sọ pé ẹsẹ̀ rẹ kò dára, má fèsì. Wo ìsàlẹ̀, kí o rántí ohun tí o dúró lé.

Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ ló kọ ọ́. Baba rẹ ní kí n kí ọ, ó ń gbá ìdọ̀tí igi kúrò nílẹ̀.